Ohun Tí Mo Sọ Nílé Ẹja Hosea

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo fi bò: oníbìínú ènìyàn ni mí. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ Haskew ní ìṣirò, kò sì sí èyí tó jókòó ní kíláàsì mi tí kò mọ̀ pé bí Tíṣà Tubbs bá ti yọ awò ojú rẹ̀, kí oníkálukú yáa wá ibi wò. Ṣùgbọ́n n kì í bínú lásán. Ohun tó máa ń bí mi nínú ni kí ènìyàn rí àṣìṣe, kó mọ̀ pé àṣìṣe ni, kó sì tún ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ìdí nìyí tí bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́jì wa ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lọ́dún náà.

Bọ́ọ̀lù tiwa kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá. Èyí tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré ni, tí géńdé mọ́kànlá á sì dúró níwájú rẹ láti gbé ọ ṣánlẹ̀. Ìṣirò ibẹ̀ ò le. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n fún ọ láti fi rin yáàdì mẹ́wàá. Bí o bá rìn ín, wọ́n á tún fún ọ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin mìíràn. Bí o ò bá rìn ín, gbé bọ́ọ̀lù fún ọ̀tá kí o lọ jókòó. Ẹnì kan ló máa ń wà lókè nínú yàrá onígíláàsì, tó ń pe eré tí àwọn ọmọ máa ṣe: ẹ sáré gba ọ̀tún, ẹ sáré gba òsì, ẹ jù ú. Ní Haskew, Quincy Gaddis ni ẹni náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni Quincy. Ó tilẹ̀ ju akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, Verdell tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló gbà á tọ́, Verdell yìí sì ni ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí àwa méjèèjì ti ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ọmọdé. Nígbà tí ìṣirò fẹ́ dènà kọ́lẹ́jì mọ́ Quincy, ìta iwájú ilé mi ni mo ti kọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ fún odindi ọdún kan. Á máa jẹ ẹ̀pà bíbọ̀, á máa sunkún, á sì máa kọ́ ọ lọ bẹ́ẹ̀. Ó yege. Lọ́jọ́ tí Haskew gbà á padà gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì tó ń pe eré, kò sí ẹni tó pariwo jù mí lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Òfin kan wà ní kíláàsì mi. Bí mo bá fi àṣìṣe ọmọ hàn án, n kò fẹ́ ẹ̀bẹ̀. Kó mú pẹ́ńsù, kó kọ ọ́ sábẹ́ àṣìṣe náà pé "Mo ti rí i," kó fọwọ́ sí i. Ohun tí o bá ti fọwọ́ sí, o ò gbọdọ̀ ṣe é mọ́. Títí dòní, àwọn ọkùnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ ṣì ń pàdé mi níwájú ilé ìfowópamọ́, wọ́n á ní, "Tíṣà, mo ti rí i o," a ó sì jọ rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé tí àwọn tó ti jáde kọ́lẹ́jì ń padà wá sílé. Pápá kún dẹ́nu. Èmi àti Verdell jókòó síbi tí a ti ń jókòó láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ìlà kejìlá, lápá ọ̀tún àwọn onífèrè. Ìwé ìṣirò mi wà lórí itan mi, torí n kì í wo bọ́ọ̀lù láìkọ ọ́ sílẹ̀. Ta ló sáré, ibo ló gbà, yáàdì mélòó, ta ló dúró níbo.

"Òsì," mo sọ kí wọ́n tó ṣe é.

Wọ́n gba òsì. Wọ́n gbé ọmọ náà ṣánlẹ̀.

"Òsì tún ni."

Òsì ni lóòótọ́. Ọkùnrin kan tó ń jẹ apá adìyẹ lẹ́yìn wa bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, àbí ẹ̀yin lẹ̀ ń pe eré yìí ni?"

"Ká ní èmi ni, ṣé ibi tá a wà yìí la máa wà?"

"Ẹ gòkè lọ bá wọn jàre, kẹ́ ẹ fà á sọ̀kalẹ̀, Gaddis ọlọ́pọlọ òkúta yẹn!"

Verdell yí ọrùn padà díẹ̀díẹ̀. "Gaddis tóò ń wí yẹn, èmi ni mo fọ ìtẹ́dìí ẹ̀. Jẹ adìyẹ ẹ."

Ọkùnrin náà jẹ adìyẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, bọ́ọ̀lù wa ku yáàdì kan péré kó dé ẹ̀yìn ìlà ìparí pápá, níbi tí a ti ń jẹ ayò, a sì ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́wọ́. Yáàdì kan! Ọmọ tó ń sáré fún wa, tí a ń fi nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ pè ní Méjìlélógún, lè fi orúnkún wọ́ yáàdì kan. Wọ́n gba òsì, ó kọlu ògiri ènìyàn. Wọ́n gba òsì, ó kọlu ògiri ènìyàn. Lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo ìlà kejìlá ló jọ pariwo "Òsì!" pẹ̀lú mi, wọ́n sì tún gbà á. A pàdánù. Àwọn ènìyàn ń hó lé Quincy lórí bí wọ́n ti ń hó lé olè, Verdell sì wo bàtà ara rẹ̀ títí a fi jáde.

Nígbà tí mo délé mo jókòó ti ìwé mi, mo sì rí i. Ọmọ gíga kan wà létí ìlà àwọn ọmọ wa lórí pápá, Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá dúró gbọnrangandan, a ó ju bọ́ọ̀lù. Bí ó bá bọ́ sí apá òsì, tó tẹ̀ ba, tó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, òsì ni a ó sáré gbà. Ìgbà mẹ́tàlélógójì ló ti fọwọ́ kan ilẹ̀ lápá òsì lọ́dún náà. Ìgbà mọ́kànlélógójì la gba òsì. Bí èmi ìyá arúgbó bá lè kà á láti ìlà kejìlá, ọ̀tá ń kọ́?

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, Quincy wá jẹun nílé mi bó ti máa ń ṣe. Mo se ẹran ẹlẹ́dẹ̀, mo fi ọbẹ̀ bò ó, mo se ẹ̀wà, mo yan búrẹ́dì àgbàdo. Mo jẹ́ kó jẹun tán, torí ènìyàn kì í fi àṣìṣe han ẹni tí ebi ń pa. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ́ ìwé síwájú rẹ̀.

Ó kà á fún ìgbà pípẹ́. Ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan.

"Tíṣà," ó ní, "ta lẹ ti fi èyí hàn?"

"Ta ni n bá fi hàn? Ìwọ ló ni àṣìṣe."

"Anti Verdell ń kọ́?"

"Kò tíì rí i."

Ó mú pẹ́ńsù tó wà létí mi, ó kọ ọ́ sábẹ́ ojú ewé náà: Mo ti rí i. Q. Gaddis. "Ẹ bá mi fi ẹnu yín pamọ́, mà. Ẹ fún mi ní ìwé náà. N ó tún un ṣe."

Mo fún un ní ìwé. Mo di búrẹ́dì àgbàdo tó kù fún un. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo sùn bí ọmọ tuntun.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin bọ́ sí òsì, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, wọ́n sì sáré gba òsì.

Mo ní bóyá ọ̀sẹ̀ kan kò tó láti tún nǹkan ṣe. Ìgbà mẹ́wàá ló fọwọ́ kan ilẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́wẹ̀ẹ̀wá la gba òsì, a sì pàdánù. Sátidé kejì, ìgbà mẹ́sàn-án. Kò yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní ìgbà kẹsàn-án, àwọn mẹ́ta jọ dà lu Méjìlélógún, nígbà tí wọ́n sì dìde, òun kò dìde. Èjìká rẹ̀ ti yẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń sáré sọ̀kalẹ̀ láti orí àga pẹ̀lú àpamọ́wọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, bàtà rẹ̀ kan ti bọ́. Mo wo òkè, sí yàrá onígíláàsì náà. Quincy dúró níbẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ tó wà létí ẹnu rẹ̀. Ó ń pe eré tó kàn.

"Ó fọwọ́ sí i," mo wí.

"Kí ló fọwọ́ sí?" Verdell bi mí.

"Ọmọ yẹn wá sílé mi, ó jẹ oúnjẹ mi, ó fọwọ́ sí i, ó sì lọ ń ṣe é."

"Ozella, fi ọmọ náà sílẹ̀ jọ̀ọ́. Ojú gbogbo ayé ti wà lára ẹ̀."

 Ẹni a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ká ní ó sọ fún mi pé irọ́ ni ìṣirò mi, n bá gbà. Ká ní ó ní kò kàn mí, n bá bú u, n bá sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ó kọ "Mo ti rí i," ó gba ìwé mi lọ, ó fi mí ṣe ẹni tí ń ṣeré ọmọdé.

Gbogbo Ọjọ́rú ní ìrọ̀lẹ́ ni àwọn kóòṣì máa ń wá sílé ẹja Hosea Minter. Hosea ló ń din ẹja, òun náà ló sì ń ṣe ètò orí rédíò láti ibẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè á tò, á sọ̀rọ̀ sí maíìkì, àwọn kóòṣì á sì dáhùn. Ọ̀sẹ̀ Coleburn la wà. Coleburn ni ọ̀tá wa pátápátá, odò ló pààlà àwa àtàwọn, ọdún mọ́kànlá sì ni wọ́n ti ń nà wá léraléra. Ilé ẹja kún débi pé àwọn kan ń jẹun lórí ìdúró.

Nígbà tó kàn mí, Hosea gbé maíìkì wálẹ̀ sí ẹnu mi. "Ẹ̀yin ará, Tíṣà wa rèé! Mà, ẹ rọra ṣe wọ́n o."

Mo yọ awò ojú mi. Mo rí i tí àwọn bíi mẹ́ta tí mo kọ́ rí gbé àwo wọn dání, bí ẹni tó fẹ́ sá.

"Ẹ káalẹ́. Kóòṣì Gaddis ni mo ní ìbéèrè fún."

"Ẹ káalẹ́, Tíṣà," Quincy ní.

"Bí Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin bá bọ́ sápá òsì, tó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ibo ni bọ́ọ̀lù ń gbà?"

Ó wo àwo ẹja iwájú rẹ̀.

"Mo ní ibo ló ń gbà, Quincy?"

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, mà…"

"Òsì ni! Ìgbà méjìlélọ́gọ́ta ló ti fọwọ́ kan ilẹ̀, ọgọ́ta ìgbà lẹ gba òsì! Bó bá dúró gbọnrangandan, ẹ ó jù ú! Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ, mo fi hàn ẹ́ lórí tábìlì mi, o fọwọ́ sí i pé o ti rí i! O wá lọ fi èjìká ọmọ ọlọ́mọ gbá ògiri! Ta lò ń tàn?"

A ń gbọ́ òróró tó ń hó nínú ilé ìdáná. Quincy tẹ orí ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ní ojú ń tì í, inú mi sì dùn, kí Ọlọ́run má ṣe bínú sí mi. Hosea gba maíìkì lọ́wọ́ mi, ó ní ká gbọ́ ìkéde díẹ̀.

Verdell ti dìde láti ìdí tábìlì igun. Ó wá síwájú mi, kò pariwo.

"Ozella, ta ló ń gbọ́ rédíò yìí?"

"Gbogbo ayé ni. Kí wọ́n gbọ́ ọ."

"Gbogbo ayé. Coleburn ń kọ́?"

Mo gbé awò ojú mi padà sójú.

"Mò ń bi ẹ́ léèrè. Àwọn ará Coleburn, ṣé wọn ò ní rédíò ni?"

Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Mo ti dúró níwájú maíìkì, mo ti ka gbogbo àṣírí ilé wa fún ọ̀tá wa ọdún mọ́kànlá, mo sì tún sọ nọ́ńbà ẹ̀yìn ọmọ náà kó má baà rú wọn lójú. Ẹnì kan lẹ́yìn sọ ọ́ jáde, ọmọ tí mo kọ́ ní ìsọdipúpọ̀ ni: "Ó ti tà wá."

Bí mo ṣe di ọ̀dàlẹ̀ nìyẹn, ní ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo bá àga mi níwájú ilẹ̀kùn. Àga aláwọ̀ ọsàn yìí ni mo fi ń jókòó lábẹ́ igi tí èmi àti Verdell ti ń yan ẹran kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ilé Verdell la sì ń tọ́jú rẹ̀ sí. Verdell ti fọ̀ ọ́ mọ́, ó ti ká a pọ̀, ó gbé e síbẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn. Ká ní ó fọ́ ọ ni, ì bá sàn fún mi. Ní ìpàdé àdúrà, Arábìnrin tó máa ń gba páì ọ̀dùnkún lọ́wọ́ mi ní òun ti ní èyí tó tó. Ní ilé epo, ọmọ tó ń ta epo kò wo ojú mi.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pe Quincy, kò gbé e, mo sì ń fi ohùn sílẹ̀ lórí fóònù rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kíní mo ní kó pè mí. Lẹ́ẹ̀kejì mo ní mo mọ̀ pé n ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹkún ló gba ohùn mi lórí ẹ̀rọ náà. Mo ní, "Ọmọ mi, mo ti fi ẹnu mi ba ayé ẹ jẹ́. Bí wọ́n bá lé ẹ níṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, n ò ní dárí ji ara mi. Jọ̀ọ́, sọ ohun kan sí mi, kódà kó jẹ́ èébú." Mo gbé fóònù sórí àyà mi títí mo fi sùn lọ. Kò pè.

Ọjọ́ Sátidé, mo lọ. Bí n kò bá lọ, wọ́n á máa wí pé mo sá. Ṣùgbọ́n n kò lọ sí ìlà kejìlá. Mo gun òkè pátápátá, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, lẹ́bàá àwọn ará Coleburn, mo di gèlè mọ́ etí. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin fọwọ́ kan ilẹ̀, àwọn ọmọ Coleburn na ọwọ́, wọ́n ń pariwo síra wọn: "Òsì! Òsì!" Àwọn èrò wọn gbà á bí orin. Wọ́n ń yọ awò ojú wọn, wọ́n ń jù ú fìrìfìrì, torí gbogbo wọn ti gbọ́ nípa tíṣà tó yọ awò. Ọmọ tó rọ́pò Méjìlélógún sáré gba òsì, mẹ́jọ nínú àwọn mọ́kànlá ló sì ti ń dúró dè é. Ó rí bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi lọ sinmi, ó tún rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi. Mẹ́tàlá sí mẹ́wàá, Coleburn ló wà níwájú. Mo bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ kí ilẹ̀ la ẹnu. Ó wo mí lásán.

Ó ku ìṣẹ́jú méjì. Bọ́ọ̀lù wa wà ní àárín pápá. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin bọ́ sápá òsì, ó tẹ̀ ba, ó fọwọ́ kan ilẹ̀. "Òsì!" Gbogbo Coleburn, lórí pápá àti lórí àga, dà sápá òsì. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wa ṣe bí ẹni pé ó gbé e fún asáré. Asáré gba òsì pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin sì rọra dìde, ó gba àárín wọn kọjá bí ẹni tó ń lọ ra búrẹ́dì, ó sì ń sáré lọ ní òun nìkan. Kò sẹ́ni tó wà nítòsí rẹ̀ ní ogún yáàdì. Bọ́ọ̀lù bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó gbé e dé ẹ̀yìn ìlà, ó sì dúró níbẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn, bí ẹni tí kò gbà á gbọ́.

N kò pariwo. Mo mọ ìṣirò. Wọn kì í fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ irú eré yẹn, kí ọmọ tó ga tó bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Nígbà tí eré parí, a ti na Coleburn, ìlú sì ya wèrè. Wọ́n bọ́ sórí pápá, àwọn onífèrè ń fọn fèrè láìsí orin kankan pàtó. Ẹnì kan nawọ́ sí mi lókè, wọ́n sì gun òkè wá bá mi. Verdell ló ṣíwájú, ó ń mí helehele, ó dì mọ́ mi.

"Ìwọ obìnrin yìí! Ẹ jọ gbìmọ̀ ẹ̀ ni, o sì jẹ́ kí n gbé àga ẹ dànù? Mo sunkún o! Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi sunkún!"

"Verdell, n ò mọ nǹkan kan."

"Ẹ gbọ́ ọ, ó ṣì ń díbọ́n!"

"Mo ní n ò mọ̀ ọ́n! Ohun tí mo sọ nílé ẹja, òótọ́ inú mi ni!"

Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Hosea ní òun kò rí òṣèré tó tó mi rí, pé ẹja ọ̀fẹ́ ni n ó máa jẹ títí n ó fi kú. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin tí mo fi ń sọ òótọ́ ní ìlú yẹn, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọn kò gbà mí gbọ́ mọ́, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún mi lórí ẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, Quincy dé. Bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà ló gbé dání, wọ́n ti kọ ọjọ́ àti iye ayò sí i lára. Ó gbé e sórí tábìlì, ó gbé ìwé ìṣirò mi tì í.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ na Coleburn. Kì í ṣe èmi."

Mo ti se ẹ̀wà. N kò tíì bù ú. Mo ṣí ìwé náà sí ojú ewé tó fọwọ́ sí. Mo ti rí i. Q. Gaddis. Lábẹ́ rẹ̀, ó ti fi yíǹkì pupa kọ nǹkan mìíràn, ọjọ́ Àìkú tí mo fún un ní ìwé náà ló sì kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Coleburn ò ní gba fíìmù gbọ́. Wọ́n á gba Tíṣà gbọ́. Má tíì tún un ṣe. Kò ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kò ní lè dákẹ́. Ilé ẹja."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti gbàgbé pé ohun tó kọ ṣì wà níbẹ̀.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Ṣàlàyé."

"Wọ́n ń wo fíìmù eré wa, bí gbogbo ẹgbẹ́ ti máa ń wo ti ọ̀tá wọn. Wọ́n á ti rí ọwọ́ ọmọ yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n á máa rò pé ẹ̀tàn ni. Ó di dandan kí ẹnì kan tí kò lè parọ́ sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Bí mo bá sọ fún yín ṣáájú, ojú yín á tú wa fó. Ẹ ò mọ irọ́ pa, mà. Gbogbo ìlú ló mọ̀."

"O bojú nílé ẹja. Èjìká ẹ ń gbọ̀n."

Ó wo ilẹ̀. "Ẹ̀rín ló ń pa mí, mà. Ẹ̀rù náà sì ń bà mí."

"Mo fi ohùn sílẹ̀ fún ẹ lórí fóònù. Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́, mà."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó?"

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Èyí tí mo sunkún ń kọ́?"

"Ọjọ́ kan péré ló kù nígbà yẹn, Tíṣà. Mo ní bí mo bá pè yín, ara yín á balẹ̀, ẹ ó lọ jókòó sí ìlà kejìlá, ẹ ó sì máa rẹ́rìn-ín. Àwọn ará Coleburn á rí yín. Mo ní kí n fara dà á di Sátidé."

"Ìwọ lo fara dà á?"

 Mo yí ìwé náà padà, mo ń ṣí i ní ojú ewé ojú ewé, títí dé ẹ̀yìn. "Èjìká Méjìlélógún ń kọ́? O ti mọ àṣìṣe náà ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ ní èjìká. Ibo lo kọ ọ́ sí níbí? Mò ń wá a, n ò rí i."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Bó ṣe máa ń sunkún níta yẹn nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí ìyókù ìṣirò kò yé e, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe sunkún, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Nígbà yẹn, n bá ti ti àwo ẹ̀pà sí i. Mo jókòó jẹ́ẹ́.

Nígbà tó dákẹ́, mo yọ pẹ́ńsù létí mi. Mo kọ ọ́ sábẹ́ yíǹkì pupa náà: Mo ti rí i. Mo fọwọ́ sí i: O. Tubbs. Mo yí ìwé náà sí i, kó kà á. Lẹ́yìn náà mo gbé bọ́ọ̀lù náà lé e lọ́wọ́, mo ní kó gbé e lọ fún Méjìlélógún nílé ìyá rẹ̀, kó sì sọ fún ìyá náà fúnra rẹ̀ ohun tó sọ fún mi.

Ó dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó tún yíjú padà.

"Tíṣà, èmi ni mo ṣẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i?"

"Àṣìṣe tèmi ni mo fọwọ́ sí," mo ní. "Mo fọkàn tán ẹ."